Mo ra àwòrán Callot kan ní Párìsì, bó ṣe rí rèé o

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ mi ná kí ẹni tí ò bá ráyè ka gbogbo ẹ̀ lè máa bá tiẹ̀ lọ: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, mo sì máa tún irú ẹ̀ rà tówó bá dé. Nǹkan tí mò ń sọ ni etching kékeré kan (àwòrán tí wọ́n fi ásíìdì jẹ sórí bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà) tí Jacques Callot ṣe, nọ́ńbà 17 nínú àwòrán 18 tó jáde ní Párìsì ní 1633, Les Misères et les Mal-heurs de la Guerre ló wà lára ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn, àwọn oníṣòwò máa ń pè é ní Les Grandes Misères kí wọ́n má baà ṣì í mú fún àwọn kékeré tó ti ṣe ṣáájú. Ìyà tí ogun ń fi jẹ aráàlú ni gbogbo ẹ̀ dá lé. €240 ni mo rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi nítòsí odò Seine. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, wọn ò sanwó ìpolówó fún mi, àti pé nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání níbí, ẹ lè lò ó ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta gbàǹjo.

Callot yìí, ọmọ Nancy ni, wọ́n bí i ní 1592, nígbà yẹn Lorraine ní olórí tiẹ̀, kò tíì sí lábẹ́ ọba Faransé. Ó ti kékeré lọ sí Ítálì, ó bá ìdílé Medici tó ń ṣàkóso Florence ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgbà tí olórí wọn, Cosimo Kejì, kú ní 1621 tí owó iṣẹ́ gbẹ ló kó ẹrù padà sílé. Ó kú ní 1635, kò tíì pé ọmọ ọdún 45 o, síbẹ̀ àwòrán tó fi sílẹ̀ tó bí 1,400. Ọdún 1633 yẹn kan náà ni Louis Kẹtàlá ọba Faransé àti mínísítà àgbà ẹ̀ Richelieu kó sójà wọ Nancy, ìlú tiẹ̀ gan-an. Wọ́n máa ń sọ pé ọba ní kó wá bá òun ya bí òun ṣe gba Nancy, ṣebí ó ti ya ti La Rochelle fún un tẹ́lẹ̀, Callot ní òun á kúkú gé àtàǹpàkò òun dànù. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, ẹni tó bá wù kó gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń retí nǹkan ńlá tó máa kún ògiri pálọ̀, ẹ má rà á. Gíga ẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju 19 lọ, àpò inú kóòtù gbà á. Ìgbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn lẹ tó máa rí ohun tó wà níbẹ̀. Nínú àwọn àwòrán tó ṣáájú, àwọn sójà ti wọlé onílé, wọ́n ti kó ẹran lọ, wọ́n ti tiná bọ abúlé, wọ́n ti ba ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn jẹ́. Ní nọ́ńbà 17 yìí, ọwọ́ ti yí: àwọn àgbẹ̀ ló lúgọ nínú igbó de àwọn sójà, ohun tó bá wà lọ́wọ́ kálukú ló fi ń jà, irin iṣẹ́ oko àti kùmọ̀, wọ́n sì ń bọ́ aṣọ lára àwọn tó ti kú. Ewì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé nígbà tí wọ́n pa wọ́n tán, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ̀san gbogbo dúkìá tí wọ́n bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá kí wa dúró níwájú ẹ̀ títí, ó ní, "Àbúrò, gbogbo owó yẹn, òkú àti ìjà lo lọ rà?" Mo gbé gíláàsì tí mo fi ń wo nǹkan kékeré fún un, mo lọ pọn tíì, nígbà tí mo padà dé ó ṣì wà níbẹ̀. Callot ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kò sọ àgbẹ̀ di akọni, kò sọ sójà di èṣù, ó kàn ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó jìnnà díẹ̀ tó ń wò ó láti orí òkè, ohun tó jẹ́ kó ká mi lára nìyẹn.

Nọ́ńbà 11 ni gbogbo ayé ń wá, igi ńlá tí wọ́n so àwọn olè kọ́ sí bí èso, àlùfáà wà lórí àkàbà, àwọn kan sì wà lábẹ́ igi tí wọ́n ń ta dáìsì lórí ìlù. Madame tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ kan náà, iye tó pè é ju ìlọ́po márùn-ún tèmi lọ, pẹ̀lú pé ọwọ́ kan náà ló ṣe é, ọdún kan náà, pépà kan náà. Òkìkí lẹ ń ra nìyẹn. Tówó bá wà, ẹ rà á, ẹ̀tọ́ yín ni, àmọ́ tí kò bá sí, nínú àwọn 17 yòókù ni kẹ́ ẹ ti wo tiyín, kò sí èyí tó jẹ́ yẹpẹrẹ nínú wọn.

Mo ní láti sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni iye owó ti ń wá. Wọ́n á fi fáníìṣì kun pẹpẹ bàbà, ayàwòrán á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sórí fáníìṣì yẹn títí bàbà á fi hàn, wọ́n á da ásíìdì lé e, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá nìkan ni ásíìdì á jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á nu fáníìṣì kúrò, wọ́n á fi íǹkì kún inú ìlà, wọ́n á nu ojú bàbà mọ́, wọ́n á wá gbé pépà tútù lé e, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí pépà lè wọ inú ìlà lọ fa íǹkì jáde. (Twins Seven-Seven náà ṣe etching ní Òṣogbo láyé àwọn ọdún 1960, kẹ́ ẹ má rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni.) Ohun tí Callot mú wọnú ẹ̀ ni pé ó yá fáníìṣì àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin lò, ìyẹn fáníìṣì líle tí wọ́n fi ń kun lute (ohun èlò orin olókùn bíi gìtá), kì í fọ́ kì í ṣí bíi ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ba á jẹ́. Ó tún ń lo irin kan tí wọ́n dá ẹnu ẹ̀ ní gẹ́rẹ́, échoppe ni wọ́n ń pè é, tó bá yí i lọ́wọ́, ìlà á nípọn, á tún tín-ín-rín. Ó sì máa ń da ásíìdì lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ibi tó bá fẹ́ kó fúyẹ́, bí òkè ọ̀nà jíjìn àti àwọn èèyàn tín-tìn-tín ẹ̀yìn, á fi fáníìṣì bò ó kí ásíìdì má jẹ ẹ́ mọ́, á jẹ́ kí iwájú máa jinlẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ṣe lè wà nínú nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tí ojú ò sì ní dàrú.

Ó dáa. Bàbà ò le bí irin. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nù ún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ìlà tó fúyẹ́ jù ló kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn bàbà Callot sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Israël Henriet ló tẹ̀ wọ́n jáde, orúkọ ẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ pé "Israel son amy", nígbà tí Henriet náà kú ní 1661 ọmọ àbúrò ẹ̀ Israël Silvestre ló jogún wọn, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n nìṣó. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ojúlówó ni o, bàbà tí Callot fọwọ́ ara ẹ̀ ha ni wọ́n ti inú ẹ̀ jáde, kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n iye wọn ò lè dọ́gba. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pín in sí ìpele mẹ́ta: èyí tó ṣáájú ò ní ewì kankan nísàlẹ̀ kò sì ní nọ́ńbà, èkejì ní ewì ìlà mẹ́fà àti nọ́ńbà àti orúkọ Israel, ẹ̀kẹta ni wọ́n ti yọ orúkọ Israel kúrò tí "Callot inv. et fec." wá wà níbẹ̀. Ìpele kẹta ni tèmi. Madame kò fi pa mọ́, ohun àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn kí n tó béèrè, ó tún fi ìka tọ́ka sí àwọn igi ọwọ́ òkè tó ti ń ṣá, ó ní "fatigué", ó rẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀ ni ìràwọ̀ karùn-ún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ewì yẹn náà ní ìtàn tiẹ̀, àlùfáà kan, abbé Michel de Marolles, ni wọ́n gbà pé ó kọ ọ́, bàbá yẹn gan-an ló kó àwòrán jọ jù láyé ìgbà náà, ó lé ní 120,000, Louis Kẹrìnlá ra gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1667, òun ló sì di ìpìlẹ̀ àwọn àwòrán tó wà ní ilé ìkàwé ìjọba Faransé di òní. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí mi tí mò ń ra ẹyọ kan, ẹ má dá mi lẹ́bi.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù yìí ní máàkì tó pọ̀ ni pépà tó bá àwòrán náà wá. Rìsíìtì lásán kọ́ o, ojú ewé kan gbáko: orúkọ àwòrán, nọ́ńbà ẹ̀ nínú ìwé Lieure (ìwé tó to iṣẹ́ Callot lẹ́sẹẹsẹ ni, ó jáde láàárín 1924 sí 1929, òun ni gbogbo ọjà Callot ń tọ̀, 1339 sí 1356 ni àwọn Grandes Misères wà nínú ẹ̀), ìpele tó wà, bí pépà ṣe rí, pé wọ́n ti gé etí ẹ̀ títí dé ojú ìlà tí etí bàbà tẹ̀ sára pépà, pé àlẹ̀mọ́ àtijọ́ wà lẹ́yìn igun méjì, pé ibì kan ti ya díẹ̀ tí wọ́n sì ti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, gbogbo ẹ̀ ló kọ síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí "Callot, 1633, original" pẹ̀lú fọ́tò kan tó ṣókùnkùn, €60, kò sí ìpele, kò sí ìwọ̀n, kò sí fọ́tò ẹ̀yìn. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹja ni àbí akàn. €180 tó lé lórí tèmi, owó ìwé yẹn ni, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i, torí ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà á, ìwé yẹn ni ẹni tó fẹ́ rà á máa kọ́kọ́ béèrè.

Mi ò gbé owó kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i. Mo ní kó jẹ́ n ya fọ́tò iwájú àtẹ̀yìn, ó gbà, ó sì bá mi tọ́jú ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo búùkù yàrá ìwòràn British Museum, ibi tí wọ́n kó àwọn àwòrán orí pépà sí, ọ̀fẹ́ ni o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni ló lè lọ, ẹ ó kàn kọ sí wọn ṣáájú kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, wọ́n á gbé e wá síwájú yín lórí tábìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ fẹ́ máa ra irú nǹkan báyìí tẹ́ ò tíì débẹ̀ rí, ẹ ń fi nǹkan du ara yín. Nígbà tí mo rí èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí bàbà ṣì lágbára, mo wá mọ ohun tí tèmi ò ní àti ohun tó ṣì ní. Àwọn èèyàn iwájú ṣì dúdú kiribiti, ìlà wọn ò fọ́, ẹ̀yìn ló ti rọ. Mo kọ̀wé sí madame, mo ná an, ó yọ €20, ó ní ó tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe di €240 nìyẹn.

Ní ti ayédèrú, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ́pì Callot gan-an láyé àtijọ́, torí ó ń tà. Ẹni tó bá wo àwòrán kan tó sì ha á tààrà sórí bàbà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì, nítorí náà ẹ ṣí fọ́tò ti mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú wọn kọ síbì kan náà. Kò fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, àwọn kọ́pì kan wà tí wọ́n ha sódì kó lè bọ́ síbi tó yẹ, torí náà ẹ tún wọn gígùn àti fífẹ̀, ẹ ka lẹ́tà inú ewì lọ́kọ̀ọ̀kan. Callot fúnra ẹ̀ tún dá wàhálà sílẹ̀: ọjà Impruneta tó ṣe ní Florence ní 1620, tó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ nínú ẹ̀, nígbà tó dé Nancy ó tún un ha sórí bàbà mìíràn ní 1622, méjèèjì jẹ́ tiẹ̀, ẹ wo orúkọ ìlú tó kọ sísàlẹ̀. Ti ìwé ìròyìn àti ìwé ńlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ rọrùn, ẹ gbé gíláàsì lé e, tẹ́ ẹ bá rí àmì tó-tò-tó bíi ti ìwé ìròyìn, ẹ dá a padà. Èyí tó ń mú èèyàn gan-an ni ti héliogravure ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún (wọ́n fi fọ́tò gbé àwòrán àtijọ́ sórí bàbà), torí bàbà lòun náà ti jáde, ojú bàbà máa wọ pépà bó ṣe yẹ, kò sì ní àmì tó-tò-tó. Amand-Durand ṣe irú ẹ̀ fún Rembrandt àti Dürer àti Claude Lorrain, iṣẹ́ tó mọ́ gan-an ni, kò sì fi ṣe ayédèrú, ó máa ń lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó wá ń tà á lẹ́yìn ìgbà ló ń gbàgbé láti yí i síwájú sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbé pépà sókè sí iná, pépà ayé Callot gbọ́dọ̀ ní ìlà tóótòòtó tó sún mọ́ra àti ìlà tó jìnnà síra tó dábùú wọn, torí orí àsẹ́ onírin ni wọ́n ti ṣe é. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìní ìlà kankan, ó ti pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni irú pépà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lẹ́yìn pépà tèmi, òǹtẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì nínú róbótó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frits Lugt ló kó gbogbo irú òǹtẹ̀ báwọ̀nyẹn jọ sínú ìwé ní 1921, Fondation Custodia ní Párìsì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ lẹ́tà tẹ́ ẹ rí, á sọ ẹni tó ni ín rí. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ìyẹn, mi ò ṣe àríyànjiyàn. Bí mo ṣe jókòó nínú yàrá mi ní Peckham ni mo mọ̀ pé ará Jámánì kan ló ti ní àwòrán mi ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé e wá. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú EU, ọjà tó bá ti Faransé wọlé, VAT ń bẹ lórí ẹ̀. Ojúlówó etching, 5% ni, nọ́ńbà kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀ sì ni 9702. Madame kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà. Àwọn tó gbé e wá yí i sí 4911, ìyẹn ti àwòrán títẹ̀ lásán bíi pósítà, wọ́n bá gba 20% lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún gba owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Mo fi ìwé madame ránṣẹ́ sí wọn, mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n dúró, mo dúró, orin tí wọ́n ń lù létí mi ọjọ́ yẹn mo ti há a sórí, ìgbà tó yá wọ́n dá owó tó lé padà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ yẹn lọ láú. Tẹ́ ẹ bá lè gbé e dání fúnra yín nínú ọkọ̀ ojú irin kẹ́ ẹ sì sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sàn jù.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan ni páálí tí wọ́n fi yí àwòrán náà ká. Ẹ gbọ́, ẹ ta nǹkan tó ti ń lọ sí 400 ọdún, ẹ wá fi páálí olówó pọ́ọ́kú tí etí ẹ̀ ti pọ́n yí i ká, ásíìdì inú irú páálí yẹn á máa wọ pépà lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ní àmì àwọ̀ búráùn kan yí ká. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ tó dé, mo san £45 fún ẹni tó fi páálí tí kò ní ásíìdì ṣe é àti gíláàsì tó ń dí oòrùn. Ká ní wọ́n fi kún iye tí wọ́n pè é ni, ǹ bá sanwó ẹ̀.

Ẹni tí ogun ò bá wù, ẹ wo Abraham Bosse, ọmọ Tours, òun ló kọ gbogbo ọgbọ́n Callot sínú ìwé ní 1645 kí ẹlòmíì lè kọ́ ọ, àwòrán ẹ̀ kún fún ilé àti aṣọ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ó tiẹ̀ ya ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ àwòrán bàbà, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn lówó tó tọ́, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Silvestre tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìlú àti odò Párìsì ló fẹ́ràn, òun ló rọ àpò lọ́rùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Claude Lorrain wọ́n. Bellange, ará Nancy bíi Callot, iṣẹ́ ẹ̀ ò tó 50 lápapọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni báńkì.

Èmi, nọ́ńbà 15 ni mò ń wá báyìí, ibi tí àwọn sójà tó ti gé lẹ́sẹ̀ ti ń wọ́ lọ síbi ìtọ́jú. Madame ní òun á kọ̀wé sí mi tí ọ̀kan bá dé. Tẹ́ ẹ bá ṣáájú mi rí i níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ra nọ́ńbà mìíràn.